Omi tuntun wà nínú jàkúsì wa láti àárọ̀, kò sì tíì gbóná: ṣé hítà ti jóná ni?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Àná la da omi inú jàkúsì wa nù, a sì fọ̀ ọ́. Agogo mẹ́jọ àárọ̀ òní ni mo fi họ́ọ̀sì rọ omi tuntun kún un tán. 1,200 lítà ló ń gbà, kílówáàtì méjì sì ni hítà rẹ̀. 14°C ni omi náà wà nígbà tí mo tan án. Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti lù báyìí, 25°C péré ló dé, bẹ́ẹ̀ 38°C ni mo fẹ́. Mo tiẹ̀ ti gbé e lọ sí 40 bóyá á tètè gbóná. Mo ṣí gbogbo ẹnu tó ń tú omi àti afẹ́fẹ́ kí ooru lè kárí, mo sì ń ṣí ọmọrí wò lóòrèkóòrè. Aládùúgbò wa ní hítà ti jóná. Àbúrò mi ní ká máa fi kẹ́tùrù gbé omi híhó dà sí i. Oògùn omi ṣì wà nílẹ̀, mo fẹ́ kí omi gbóná ná, torí omi tuntun tó mọ́ ni. Ọ̀sán ọ̀la làwọn àlejò wa ń bọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ní oyún oṣù kẹta. Kí ni kí n ṣe?”

Hítà yín kò jóná. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ohun tí ẹ kọ: omi tó kúrò ní 14 tó dé 25, nǹkan kan ló ń gbé ooru wọ inú rẹ̀. Hítà tó ti jóná kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Pé ó ń pẹ́ ló ń dààmú yín, ó sì yé mi, nítorí ẹni tó ń retí àlejò kì í fẹ́ gbọ́ “ẹ ní sùúrù”. Àmọ́ nínú gbogbo ohun tí ẹ sọ, oògùn tí ẹ fi sílẹ̀ yẹn ló kà mí láyà jù. Mo fẹ́ kó wọ inú omi náà lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn. Màá ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ooru kí ọkàn yín lè balẹ̀.

Omi máa ń gba ooru púpọ̀ kó tó fi hàn pé òun gbà á. Kí 1,200 lítà tó fi ìwọ̀n kan ṣoṣo (1°C) gbóná sí i, á jẹ tó 1.4 yúnìtì iná. Láti 14 dé 38 jẹ́ ìwọ̀n 24, èyí tó túmọ̀ sí nǹkan bíi 33.5 yúnìtì. Hítà kílówáàtì méjì kò lè pèsè ju yúnìtì méjì lọ ní wákàtí kan. Ẹ fi méjì pín in, ẹ ó rí i pé wákàtí mẹ́tàdínlógún ló máa gbà, ká tilẹ̀ sọ pé ooru kankan kò sá lọ. Ooru sì máa ń sá lọ. Wákàtí mẹ́wàá ni tiyín ti lò, ó sì ti fi ìwọ̀n 11 gbóná sí i, ìyẹn ìwọ̀n kan àti díẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ó yẹ kó wà gan-an nìyẹn. Jàkúsì tí hítà rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì mẹ́ta á ṣe iṣẹ́ kan náà ní nǹkan bíi wákàtí mọ́kànlá, èyí tó bá jẹ́ 5.5 á parí rẹ̀ ní bíi wákàtí mẹ́fà. Bóyá irú èyí ni aládùúgbò yín mọ̀, tó fi rò pé tiyín ti bàjẹ́. Kì í ṣe pé ó fẹ́ tàn yín. Agbára hítà yàtọ̀ síra ni, ẹni tó bá sì ti mọ́ lára láti rí i kó gbóná láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán, ojú àìsàn ni yóò fi wo tiyín.

Gbígbé e lọ sí 40 kò mú un yára. Títàn àti kíkú nìkan ni hítà wọ̀nyí mọ̀. Bí ẹ bá ní kó dúró ní 38, bí ẹ sì ní kó dúró ní 40, agbára kan náà ló fi ń ṣiṣẹ́. Ibi tó máa ti dúró nìkan ló yàtọ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ lè gbàgbé, kí omi gbóná ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ kí àwọn àlejò tó dé, jàkúsì tí wọ́n fi ọmọrí dé dáadáa sì lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó tutù padà. Ẹ dá a padà sí 38 báyìí.

Ohun tó ń fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ ni àwọn nǹkan méjì tí ẹ̀yin fúnra yín ń ṣe, pẹ̀lú èrò rere. Àkọ́kọ́ ni ọmọrí. Ojú omi ni ọ̀pọ̀ jù lọ ooru ń gbà lọ, nítorí omi tó ń fà lọ sínú afẹ́fẹ́ máa ń gbé ooru dání lọ púpọ̀púpọ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i wò, ẹ ń dá ara yín padà sẹ́yìn. Ẹ dé e, kí ẹ rí i pé etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra yíká, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ìkejì ni ẹnu afẹ́fẹ́ tí ẹ ṣí. Afẹ́fẹ́ tútù láti ìta ló ń fà wọlé, ó ń tú u sáàárín omi tí hítà ń gbìyànjú láti mú gbóná, ó sì tún ń mú kí omi fà lọ sí i. Ooru á kárí láìsí i, torí pọ́ǹpù tó ń yí omi gba inú hítà ti tó fún ìyẹn. Ó tún kù: nínú ọ̀pọ̀ jàkúsì tí a kàn ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé, hítà máa ń kú fúnra rẹ̀ tí ẹnu alágbára bá ń ṣiṣẹ́, kí iná tí wọ́n ń fà má baà pọ̀ jù. Bí tiyín bá jẹ́ irú rẹ̀, a jẹ́ pé ní gbogbo ìgbà tí ẹ ṣí àwọn ẹnu yẹn, ẹ ti pa hítà láìmọ̀. Ẹ ti gbogbo rẹ̀ pa. Tí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí lára ni, tí ó sì jókòó sórí kọnkéré lásán, ooru tún ń gba abẹ́ lọ; nígbà míì tí ẹ bá ti da omi nù, ẹ tẹ́ fóòmù tó dì sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó rọ omi sí i.

Ìwọ̀n 13 ló kù. Tí ẹ bá ti àwọn ẹnu pa, tí ẹ sì fi ọmọrí sílẹ̀ láì ṣí, ó yẹ kó wà ní tòsí 38 kí ẹ tó jẹun àárọ̀ ọ̀la. Ẹ má retí pé á máa sáré bákan náà títí, torí bí omi bá ṣe ń gbóná ju afẹ́fẹ́ ìta lọ tó, bẹ́ẹ̀ ni ooru tó ń sá ṣe ń pọ̀ sí i. Ìwọ̀n tó kẹ́yìn ló máa ń falẹ̀ jù.

Àwọn tó ń kọ̀wé sí mi pé hítà ti jóná lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ omi, ohun méjì ni mo máa ń kọ́kọ́ ní kí wọ́n yẹ̀ wò, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ hítà. Ọ̀kan ni pé jàkúsì wà ní ipò ìṣọ́nájẹ, níbi tí hítà kì í ti tàn àfi ní àkókò tí asẹ́ bá ń ṣiṣẹ́, bíi wákàtí méjì lóòjọ́. Ipò yẹn dára fún omi tó ti gbóná tẹ́lẹ̀. Omi tútù ò ní dé ibì kankan nínú rẹ̀. Èkejì ni atẹ́gùn tó há sínú páìpù. Tí a bá da omi nù, atẹ́gùn ló máa ń gba ipò rẹ̀ nínú pọ́ǹpù àti páìpù, bí a bá sì kàn ju họ́ọ̀sì sí àárín agbada, omi lè kún láti òkè kí atẹ́gùn yẹn má rí ibi jáde. Ẹ ó máa gbọ́ ohùn pọ́ǹpù, ṣùgbọ́n omi ò ní máa rìn, ojú ìṣàkóso á sì máa kìlọ̀ pé omi ò kọjá. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń yọ asẹ́, tí mo sì máa ń ki ẹnu họ́ọ̀sì bọ ihò rẹ̀ nígbà tí mo bá ń rọ omi: ìsàlẹ̀ páìpù ni omi máa ń gbà wọlé, á sì máa ti atẹ́gùn jáde bó ṣe ń gòkè. Bí atẹ́gùn bá ti há, ẹ pa iná ní búrékà, ẹ tú nọ́ọ̀tì ńlá tó so páìpù mọ́ pọ́ǹpù díẹ̀ títí tí ẹ ó fi gbọ́ tí atẹ́gùn ń sú jáde tí omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán, kí ẹ wá dè é padà. Ẹ má tan iná rárá kí omi tó kọjá ìlà tí wọ́n fà sára agbada, torí hítà tó bá gbóná láìsí omi lórí rẹ̀ lè jóná ní ti gidi. Kí ẹ sì yọ họ́ọ̀sì kúrò nínú omi kété tó bá kún. Bí agbára omi ilé bá já lulẹ̀ lójijì, omi jàkúsì lè fà padà gba inú họ́ọ̀sì wọ inú omi tí ẹ ń mu.

Ọ̀rọ̀ kẹ́tùrù ńkọ́? Mo mọ̀ pé àbúrò yín fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ó má dán an wò. Kí omi híhó tó lè gbé 1,200 lítà láti 25 dé 38, ẹ máa nílò nǹkan bíi 250 lítà rẹ̀. Kẹ́tùrù oní-lítà-méjì 125 nìyẹn. Agbada yín sì ti kún, ẹ ó ní láti kọ́kọ́ gbọ́n omi tí ẹ ti náwó iná lé lórí dànù. Ìrìn tó tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú omi híhó lọ́wọ́, lórí ilẹ̀ tó tutù tó ń yọ̀, ibẹ̀ ni èèyàn ti ń jóná. Ara agbada pàápàá, àti gọ́ọ̀mù tó so àwọn páìpù pọ̀, wọn ò ṣe é fún omi híhó.

Omi gbígbóná láti inú tánkì ilé, ìyẹn yàtọ̀ díẹ̀, ó sì ní láárí nígbà tí ẹ bá ń rọ omi lọ́wọ́, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti kún. Ká ní tánkì yín gba 150 lítà tó wà ní 60°C, tí ẹ pò ó mọ́ 1,050 lítà tó wà ní 14, gbogbo rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 20. Ó dín nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin kù nínú iṣẹ́ hítà. Àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ dín owó kù bí iná mànàmáná bá ló ń mú tánkì yẹn gbóná, torí ooru kan náà lẹ ń rà níbòmíràn. Bí gáàsì tàbí oòrùn bá ló ń gbé e, èrè lè wà níbẹ̀. Ẹ po gbígbóná mọ́ tútù kó tó wọ họ́ọ̀sì kó lè jẹ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́, torí họ́ọ̀sì lásán kì í gba ooru púpọ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ wo ìwé tó bá jàkúsì yín wá. Àwọn kan kọ̀ ọ́ pátápátá. Lójú mi, tí kì í bá ti í ṣe pé ojú ń kán ẹni, omi tútù àti sùúrù òru kan ló dára jù.

Ó wá kan oògùn. “Omi tuntun” àti “omi tó ṣeé wọ̀” kì í ṣe nǹkan kan náà, àárín méjèèjì sì ni àìsàn ti ń wọlé. Omi ẹ̀rọ máa ń ní kílórínì díẹ̀ nínú nígbà tó bá dé ilé, ṣùgbọ́n ooru àti afẹ́fẹ́ máa ń lé e jáde kíákíá. Bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Legionella máa ń dàgbà nínú omi tó wà láàárín 20°C sí 45°C. Ẹ wo ibi tí omi yín wà: láti ọ̀sán ló ti wọ inú ààlà yẹn, kò sì ní jáde níbẹ̀ mọ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì ń lò ó. Tí ẹ bá ní kí omi gbóná ná, àkókò tó gbẹgẹ́ jù lẹ ń fi sílẹ̀ láìsí ìṣọ́. Kò sì dìgbà téèyàn bá wọ inú omi kí Legionella tó mú un, torí ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà, nínú ẹ̀kán kéékèèké tí àwọn ẹnu jàkúsì ń fọ́n sókè. Ní 1999, ní ibi ìpàtẹ òdòdó kan ní Bovenkarspel, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, jàkúsì tí wọ́n kàn gbé kalẹ̀ kí èèyàn lè wò ló fọ́n bakitéríà yìí sínú afẹ́fẹ́. Àwọn tó ń kọjá lọ ló kó o, ó sì lé ní ogún èèyàn tó kú.

Mi ò sọ pé omi yín ti di májèlé láàárín ọjọ́ kan. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ ò rí inú páìpù yín. Ẹ fọ agbada, àmọ́ kànìnkànìn ò dé àwọn páìpù tó wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí omi àtijọ́ máa ń dúró díẹ̀, tí ohun kan tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara wọn. Inú ohun yíyọ̀ yẹn ni bakitéríà máa ń sá pamọ́ sí, títí kan Pseudomonas tó máa ń jẹ́ kí ara sú lẹ́yìn tí èèyàn bá jáde nínú jàkúsì, pàápàá lábẹ́ ibi tí aṣọ ìwẹ̀ bò. Omi tuntun tó ń lọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò sì ní oògùn nínú ni wọ́n ń retí. Kódà jàkúsì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kò bọ́ nínú rẹ̀, torí wọ́n sábà máa ń fi omi dán an wò ní ilé iṣẹ́ kí wọ́n tó gbé e jáde.

Nítorí náà, lálẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù máa yí omi, kí ẹ mú pélébé tí a fi ń dán omi wò. Ẹ kọ́kọ́ wo alkalinity. Kó wà láàárín 80 sí 120 mílígíráàmù nínú lítà kan. Òun ló ń di pH (ìwọ̀n tó ń fi hàn bóyá omi kan tàbí kò kan) mú kó má baà máa fò sókè sódò, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tún un ṣe ṣáájú. Lẹ́yìn ìyẹn ni pH, láàárín 7.2 sí 7.8. Ẹ má fojú kéré èyí. Ní pH 7.5, nǹkan bí ìdajì kílórínì tí ẹ fi sí omi ló wà ní ìrísí tó lágbára láti pa kòkòrò. Tó bá fi dé 8, ó ti dín sí nǹkan bí ìdá mẹ́rin. Ẹni tí pH rẹ̀ ga lè máa da kílórínì sílẹ̀ lójoojúmọ́ kí omi rẹ̀ sì máa rùn síbẹ̀. Kílórínì ló kẹ́yìn: kò gbọ́dọ̀ dín sí 3 mílígíráàmù nínú lítà kan nígbàkígbà tí èèyàn bá wà nínú omi. Fún òru àkọ́kọ́, tí mi ò bá mọ bí inú páìpù ṣe rí, èmi a máa gbé e dé bíi 10, màá tan gbogbo ẹnu fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìdé ọmọrí kí oògùn lè dé gbogbo igun, lẹ́yìn náà ni màá dé e. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ó pàdánù ooru díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú yẹn. Ó tọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọlé títí tí pélébé ìdánwò yóò fi sọ pé ó ti wá sí 5 tàbí kó dín. Ìwọ̀n oògùn tí ẹ máa lò wà lára ike rẹ̀, torí agbára wọn kò dọ́gba. Ẹ máa da oògùn sínú omi, ẹ má da omi lé oògùn lórí, kí ẹ má sì po oríṣi méjì pọ̀ láé.

Kí ẹ tó da kílórínì, ẹ rántí ibi tí omi yín ti wá. Omi kànga tàbí ti ilẹ̀ lè ní irin tàbí bàbà nínú tí ojú kò rí. Bí kílórínì bá ti kàn án, ó lè di pupa rúsúrúsú tàbí àwọ̀ ewé lójijì, àwọn èèyàn á sì rò pé oògùn ló ba omi jẹ́. Oògùn tó ń di irin mú ni a máa ń fi sí irú omi bẹ́ẹ̀ ṣáájú, tàbí ká fi asẹ́ sí ẹnu họ́ọ̀sì nígbà tí a bá ń rọ ọ́. Omi tó rọ̀ jù, ìyẹn èyí tí kálísíọ̀mù inú rẹ̀ kéré, náà ní wàhálà tirẹ̀, ó máa ń hó fòfó, ó sì máa ń jẹ ara hítà. 150 sí 250 mílígíráàmù nínú lítà kan ni mo máa ń fẹ́ kí kálísíọ̀mù rẹ̀ wà. Bákan náà, ẹ máa jẹ́ kí omi tó ti sùn sínú họ́ọ̀sì ṣàn dànù ná kí ẹ tó kì í bọ jàkúsì.

Láti ọ̀nà jíjìn, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà nípa ohun tí òru yóò mú wá. Tí ó bá di ọ̀la tí omi ṣì dúró sójú kan náà fún wákàtí mẹ́ta pẹ̀lú ọmọrí lórí rẹ̀, tí pọ́ǹpù sì ń yí omi dáadáa, ìgbà yẹn la tó lè fura sí hítà. Bí súìṣì tó máa ń já nígbà tí iná bá ń jò bá ń já léraléra, ẹ má dá a padà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má ṣí àpótí iná náà fúnra yín. Oníṣẹ́ iná tó ní mítà ìdíwọ̀n ló ni iṣẹ́ yẹn.

Ní ti àwọn àlejò, 40°C ni òpin fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, 38 sì tù wọ́n lára dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún wọ̀ ọ́, kí ẹni tó ní àìsàn ọkàn sì bi dókítà rẹ̀ ná. Aláboyún yín ni mo fẹ́ kí ẹ dá sọ̀rọ̀ kí ó tó wá, kó má baà jẹ́ ojú agbo ló ti máa gbọ́ ọ. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni a ń ṣọ́ jù, nítorí tí ooru inú ara ìyá bá ga jù láàárín ìgbà yẹn, ó lè ba ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ tó ń dá jẹ́, omi jàkúsì sì lè gbé ooru ara dé bẹ́ẹ̀ kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ má tilẹ̀ mọ̀. Kí ó má wọ inú rẹ̀ rárá lọ́la. Ó lè jókòó sí etí rẹ̀ kó ki ẹsẹ̀ bọ omi, kó máa bá wọn ṣeré, tí ẹnu afẹ́fẹ́ bá wà ní títì tí kílórínì sì pé.